Kọ́múréèdì Fún Àwọn Sẹ́ẹ̀lì Rẹ̀ Ní Ìsinmi

Nọ́ọ̀sì gún Kọ́múréèdì níka, ó tẹ ìka náà títí ẹ̀jẹ̀ bíńtín fi yọ, ó sì kán an sẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà. Ẹ̀rọ náà ronú, ó ké fíì, kò tilẹ̀ rí iye tí yóò kọ. Ó kàn sọ pé ó ga jù. Ọkọ ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì ni Kọ́múréèdì, òun sì ni alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìhunṣọ tẹ́lẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn ti iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n kò tí ì fẹ̀yìn ti ẹgbẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa oògùn yín tì."

"Ìyàwó mi kékeré, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ẹ̀jẹ̀ yín ni."

"Olófòófó ni."

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú yín. Dókítà ojú ní bí ṣúgà ò bá wálẹ̀, òun ò ní fọwọ́ kàn án. Ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní kí wọ́n tètè ṣe é, pé ẹni tí ẹ jọ ń ta ayò dráfù ń rẹ́ yín jẹ?"

"Ó ń rẹ́ mi jẹ, mo tún un sọ! Lánàá, ọmọ méjì péré ló kù fún un. Mo sín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n di márùn-ún."

"Ẹ wá ń sá fún oògùn."

Kọ́múréèdì wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì bí ẹni tó fẹ́ tú àṣírí ìlú.

"N ò sá fún oògùn. Mo fún wọn ní ìsinmi ni."

"Ta ni?"

"Àwọn ọmọ wa. Àwọn tó wà níbí." Ó fọwọ́ ra ikùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìwọ kọ́ lo là mí lọ́yẹ̀ níjọ́sí? O ní ẹ̀yà ara kan wà tó sùn gbọọrọ sẹ́yìn àpòlúkù, tí wọ́n ń pè ní páńkíríásì. O ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ínsúlínì, pé ínsúlínì ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà kó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. O ní ó ti rẹ̀ wọ́n. O ní àwọn kan ti kú sẹ́nu iṣẹ́. O tún wá ní oògùn tí mò ń lò yìí..."

"Ó ń ti àwọn tó kù kí wọ́n túbọ̀ ṣiṣẹ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀! Òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ̀fọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀! Kí n máa gbé pàṣán mì láràárọ̀, kó lọ máa nà wọ́n nínú lọ́hùn-ún! Èmi, tí mo pa gbogbo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ lẹ́nu mọ́ nítorí pé wọ́n gba àga lábẹ́ obìnrin aláboyún kan! Ojú wo ni n ó fi wo àwọn ọmọ yẹn?"

"Ojú tí kò ríran yẹn náà ni."

Nọ́ọ̀sì yáa bojú wo òwú inú agolo kí ẹ̀rín tó ja òun lólè.

"Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ẹ fún wọn ní ìsinmi, ṣé ẹrù dúró?"

"Ẹrù wo?"

"Kí lẹ mu láàárọ̀?"

"Tíì lásán."

"Lásán báwo?"

"Tíì, mílíìkì, búrẹ́dì, ṣúgà díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

"Ẹni tí ò ríran, báwo ni yóò ṣe mọ̀?"

"Ẹrù náà nìyẹn. Ó ń wọlé, kò sẹ́ni tó ń gbé e kúrò, ó ń ga. Bí ṣúgà bá sì ga jù nínú ẹ̀jẹ̀, májèlé ló ń dà fún àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn. Ẹ ò fún wọn ní ìsinmi o. Ẹ ti ilé ìkẹ́rù pa mọ́ wọn, ẹ wá ń da ẹrù lé wọn lórí látojú fèrèsé."

Kọ́múréèdì fọwọ́ lu tábìlì.

"Kò sẹ́ni tó fi tó ẹgbẹ́ létí!"

"Mò ń fi tó ẹgbẹ́ létí báyìí."

"Ó dáa. Ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Ìwọ dúró fún ilé ìwòsàn, èmi dúró fún òṣìṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí a ń bèèrè: ẹ gbé pàṣán kúrò."

"N ó bá dókítà sọ ọ́. Àwọn dókítà gan-an ṣì ń bá ara wọn jiyàn bóyá pàṣán yẹn ń tètè tán wọn lókun. Ṣùgbọ́n dókítà ni yóò gbé e kúrò, kì í ṣe alága ẹgbẹ́. Oògùn mìíràn wà tí kì í dá sí wọn rárá. Ẹ̀dọ̀ ló ń lọ bá, á ní kó yé tu ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀."

"Ẹ̀dọ̀ ń tu ṣúgà? Ẹ̀dọ̀ tèmi?"

"Tiyín."

"Ọ̀dàlẹ̀! Mo mọ̀! Kò sí ilé iṣẹ́ tí kì í ní. A fọwọ́ sí oògùn yẹn."

"Ìkejì ni abẹ́rẹ́ ínsúlínì tí dókítà ti ní kẹ́ ẹ máa gbà. Ìta ni ínsúlínì yẹn ti ń wá. Yóò bá wọn gbé nínú ẹrù náà kí wọ́n lè mí. Nígbà míì, àwọn tí a rò pé wọ́n ti kú, oorun àárẹ̀ lásán ni wọ́n ń sùn. Bí wọ́n bá sinmi tán, wọ́n á tún jí."

Kọ́múréèdì fò dìde. Àga rẹ̀ dojú bolẹ̀.

"Láti ìta? Alágbàṣe! O fẹ́ kó alágbàṣe wọ inú ikùn mi! Ta ni kò mọ̀ pé alágbàṣe lọ̀gá fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé alágbàṣe lẹ̀ ń bẹ̀rù ni àbí abẹ́rẹ́?"

"Ìlànà ni!"

"Abẹ́rẹ́ náà ò gùn tó èékánná yín."

"Ìlànà tèmi gùn jù ú lọ."

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti rí àwọn tó fi ìlànà jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ wọn lójú.

"Kò burú. Ẹ ti ń bá mi dúnàádúrà látàárọ̀, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo nilé iṣẹ́. Ta ló ni ikùn?"

"Èmi ni."

"Ta ló ń kó ẹrù wọlé?"

"Bí búrẹ́dì ni... èmi náà ni."

"Ta ló tilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́? Ta ló kọ̀ kí olùrànlọ́wọ́ wọlé bá wọn?"

"Ìyàwó mi kékeré, rọra. Ṣé ohun tí mo rò lo fẹ́ sọ?"

"Òun ni. Ẹ̀yin ni ọ̀gá."

Kọ́múréèdì gbé àga nílẹ̀, ó fọwọ́ gbọn eruku rẹ̀, ó jókòó. Kò jókòó bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó fẹ̀yìn tì, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó de bọ́tìnnì ọrùn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wúwo.

"Gbé oògùn òní wá."

Ó gbé e mì.

"Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Kó wọlé." Ó ká ẹ̀wù sókè, ó di ojú pinpin. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì fa abẹ́rẹ́ yọ, ó la ojú, ó sì tẹ̀ sí ikùn rẹ̀, ó jágbe:

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀ yẹn! Ìsinmi ti tán! Ẹni tó bá rẹ̀, kó rọra; ẹni tó bá ń ṣọ̀lẹ, alágbàṣe ti dé. Ẹ sì gbọ́ o: n ò fẹ́ rí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kankan nílé iṣẹ́ tèmi!"