Òrùlé Méjì fún Ọ̀jẹ́wùmí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ẹ tilẹ̀ ti bi ara yín léèrè rí, ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa? Ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ ìpín ni, bẹ́ẹ̀ ni n kì í fi ọ̀rọ̀ ìpín ṣeré. Bí wọ́n bá ń pín ẹran, tí wọ́n fún ẹnìkan ní itan, tí wọ́n fún ẹnìkejì ní egungun, inú mi kì í rọ̀ bọ̀rọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fi Láwọyin ṣẹ̀sín, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ní ìlú tí Láwọyin ń gbé, àdúgbò mẹ́ta ló wà: Òkè Ìgbá, Ìsàlẹ̀ Àràbà àti Ìdí Ọsàn. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí ooru oṣù Ẹrẹ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í mú, gbogbo ìlú a péjọ síwájú ilé Baálẹ̀ láti gbọ́ ohun tí ojú ọjọ́ yóò ṣe. Ìyá arúgbó kan ló máa ń sọ ọ́. Ìyá Ojú-Ọjọ́ ni wọ́n ń pè é. Yóò ti fi ọ̀sẹ̀ méjì wo èèrà tó ń gbé ẹyin gun ògiri, yóò wo ibi tí lékeléke ń fò lọ, yóò sì máa gbóòórùn afẹ́fẹ́ láràárọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní àmì: ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù fún àwọn tí òjò yóò tètè dé ọ̀dọ̀ wọn, imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ fún àwọn tí ìjì yóò jà ní tiwọn, òkúta wẹ́wẹ́ funfun fún àwọn tí yìnyín yóò bọ́ lù. Ilé kọ̀ọ̀kan a so àmì tirẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n má baà gbàgbé ohun tí wọ́n ní láti múra sílẹ̀ dè.

Kí ló wá kan Láwọyin nínú èyí? Àgbàdo ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé àgbàdo tútù dé iwájú Baálẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Aṣáájú Oko títí ọdún yóò fi yípo. Tó bá ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, àwọn tó jù ú lọ pàápàá á dákẹ́. Ọdún mẹ́ta léra léra, Ọ̀jẹ́wùmí ará Òkè Ìgbá ló ń jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bí òun àti Láwọyin. Ọ̀nà tóóró kan péré ló la ilé wọn láàárín. Bí Ọ̀jẹ́wùmí bá sín, Láwọyin ló máa ń kí i ní pẹ̀lẹ́, bí kò tilẹ̀ ti ọkàn rẹ̀ wá.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, Ìyá Ojú-Ọjọ́ tún gbé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún Òkè Ìgbá. Ó gbé òkúta funfun fún Ìdí Ọsàn, ó sì gbé imọ̀ ọ̀pẹ fún Ìsàlẹ̀ Àràbà, àdúgbò Láwọyin. Láwọyin dìde láàárín èrò.

"Ìyá, ẹ dákun, ta ló pín in báyìí?"

"Ọmọ mi, ẹnikẹ́ni ò pín nǹkan kan. Ohun tí mo rí ni mo sọ."

"Ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ ń rí òjò ní Òkè Ìgbá. Ṣé ọrùn yín ò lè yí síbòmíràn ni?"

"Láwọyin, lọ́jọ́ tí mo bá rí òjò lórí rẹ, màá sọ fún ọ."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀jẹ́wùmí ló rẹ́rìn-ín pẹ́ jù, ẹ̀rín náà sì wọ Láwọyin lára bí ẹ̀gún.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sọdá ọ̀nà. Ó bá Ọ̀jẹ́wùmí níbi tó ti ń so ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀jẹ́, gé ìlàjì fún mi."

"Ìlàjì kí ni?"

"Ewé yẹn. Kí ẹ̀yin máa gba òjò àárọ̀, kí àwa máa gba ti ìrọ̀lẹ́. Ohun tó dọ́gba nìyẹn."

"Ọ̀rẹ́ mi, ìjì ni tìẹ. Ṣí àyà sílẹ̀ kó fẹ́ ọ díẹ̀, ooru ń mú."

Láwọyin padà sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó burú kí èèyàn béèrè ìlàjì? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò lè fara mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, òjò àkọ́rọ̀ wínníwínní dé. Ó rọ̀ sí Òkè Ìgbá, ó rọ̀ dé etí ọ̀nà tóóró yẹn, ó sì dúró síbẹ̀. Láwọyin lọ fi ẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún, ó fi ọ̀kan síhìn-ín. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tutù, ti òsì kún fún eruku. Ó pe Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Àjàlá, wá wo ìrẹ́jẹ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti di ọlọ́lá, ti òsì ṣì wà nínú ìyà."

"Bàbá Àjàlá, òjò àkọ́rọ̀ ni. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ kó ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé."

Kò gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, tí Ọ̀jẹ́wùmí àti ará ilé rẹ̀ wà lóko, Láwọyin sọdá. Ó tú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó so imọ̀ ọ̀pẹ tirẹ̀ rọ́pò, ó sì gbé ewé náà wá sẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ewé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni òjò. Ó já irúgbìn àgbàdo tó so rọ̀ sókè ààrò, ó lọ gbìn ín, kò ku ẹyọ kan. Bí òjò ò bá dé, ilé Láwọyin ò ní irúgbìn mìíràn lọ́dún náà.

Àmọ́ ẹ má pè é ní ìkà. Nígbà tó dé láti oko, ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lẹ́bi. Ó ní, "Mo ti gba òjò ọmọlọ́mọ, mo sì fi ìjì sílẹ̀ fún un. Tí n kò bá fún un ní ohun tó máa fi dènà ìjì, níbo ni ìdọ́gba wà?" Ó gun òrùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú igi àti okùn tí wọ́n fi de koríko ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bàbá Àjàlá, kí lẹ ń tú?"

"Ohun tí a ò nílò mọ́. Ìjì ti kúrò ní tiwa."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wo ẹnu ọ̀nà."

Àyọ̀ká wo ewé. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú àpótí, ó sì ti ìdérí rẹ̀ pinpin.

Láwọyin ru igi àti okùn náà lọ fún Ọ̀jẹ́wùmí. Ọ̀jẹ́wùmí ti dé láti oko, ó ti rí imọ̀ ọ̀pẹ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó sì ti rò pé Ìyá Ojú-Ọjọ́ ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ó gba ẹrù náà, omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀.

"Láwọyin, mi ò mọ̀ pé o fẹ́ràn mi tó báyìí."

"Ohun tó tọ́ ni mo ṣe," ni Láwọyin wí, ó sì tètè yíjú.

Ọ̀jẹ́wùmí de òrùlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láwọyin ní tirẹ̀ gbé ìkòkò ńlá sáàárín yàrá, ó sì dá ihò sí òrùlé lókè rẹ̀ gan-an, kí òjò má baà ṣìnà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìjì ló kọ́kọ́ dé. Ó fẹ́ yí ilé Ọ̀jẹ́wùmí ká, kò rí ohun tó máa gbé. Ó yà sí ti Láwọyin, ó gbé òrùlé náà tihòtihò, ó sọdá ọ̀nà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì fi bo ilé Ọ̀jẹ́wùmí bí ẹni fi fìlà sórí fìlà. Àyọ̀ká ti wọ abẹ́ ibùsùn. Láwọyin sáré jáde, ó já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbé e sókè.

"Òjò, ewé rẹ rèé. Èmi ni mo ni ọ́. Rọra."

Òjò dé, kò rọra. Yìnyín tí wọ́n fi sí ìpín Ìdí Ọsàn náà dé, kò béèrè ọ̀nà Ìdí Ọsàn. Ó lu ewé náà títí ó fi dà bí àwọ̀n ẹja. Nígbà tó lu ewé tán, ó kan orí Láwọyin.

Nígbà tí òjò dá díẹ̀, Ìyá Ojú-Ọjọ́ ń bọ̀ láti odò, omi ń kán ní gbogbo ara rẹ̀. Láwọyin dúró lójú ọ̀nà, kókó mẹ́ta lórí rẹ̀. Lódìkejì, Ọ̀jẹ́wùmí jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó gbẹ fúrúfúrú, ó ń jẹ iṣu sísun.

"Ìyá, ẹ wá dájọ́," ni Láwọyin wí. "Ẹ wo èmi, ẹ wo Ọ̀jẹ́wùmí. Ewé wà lọ́wọ́ mi, òjò lù mí. Imọ̀ ọ̀pẹ ló wà lọ́dọ̀ òun, òjò ò fọwọ́ kàn án. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni òjò yìí."

"Ọ̀rẹ́?" Ìyá fún ìró rẹ̀, omi tú sílẹ̀. "Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń kéde òjò yìí fáráyé. Bó bá máa yan ọ̀rẹ́, ṣé èmi kọ́ ni ì bá yàn? Wò mí. Ọ̀jẹ́wùmí wà lábẹ́ òrùlé méjì, òjò ò rí i. Ìwọ lo tú okùn, ìwọ lo dá ihò, o tún jáde wá ń pè é. Ó rí ọ."

Àgbàdo Láwọyin hù. Ti Ọ̀jẹ́wùmí náà hù, lọ́jọ́ kan náà. Ìyẹn gan-an ló dun Láwọyin ju orí rẹ̀ lọ: ká ní kò ṣe ju kó gbin àgbàdo rẹ̀ lọ, ì bá ní àgbàdo, ì bá sì ní òrùlé. Nígbà tí àgbàdo gbó, àwọn méjèèjì gbé tiwọn dé iwájú Baálẹ̀ láàárọ̀ kan náà. Baálẹ̀ ní kí wọ́n jọ jẹ́ Aṣáájú Oko.

Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ibẹ̀ yẹn. Inú Láwọyin ò dùn.

"Baálẹ̀, orúkọ ta ni wọn yóò kọ́kọ́ pè?"

Kí Baálẹ̀ tó dáhùn, òjò ṣú. Baálẹ̀ wọlé. Ìyá Ojú-Ọjọ́ wọlé. Ọ̀jẹ́wùmí gbé àgbàdo rẹ̀, ó sáré wọlé. Láwọyin nìkan ló dúró síta gbangba, ó ń retí èsì.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta ni òjò rí? Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa.