Irin Tó Fẹ́ Jẹ́ Satpathy

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó fẹ́ràn ara rẹ̀ kọjá ààlà, ẹ dé ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú Rourkela, kí ẹ béèrè Ọ̀jọ̀gbọ́n Gadadhar Satpathy, olórí ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa irin. Àwòrán rẹ̀ mẹ́ta ló wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀. Ó gbé jígí kọ́ sáàárín wọn, kí wọ́n lè di mẹ́rin bó bá dúró síbẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Kábíyèsí Ìléru, Ọkọ Gbogbo Irin. Ó gbọ́, inú rẹ̀ sì dùn. Kò mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń fi òun ṣe.

Lọ́dún kan, Dókítà Nivedita Toppo, olùkọ́ kan lábẹ́ rẹ̀, rí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti wá tì. Irin tó bá le gan-an kì í fẹ́ tẹ̀, kíkán ló máa ń kán. Èyí tó bá sì ń tẹ̀ dáadáa kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Nivedita wá tún àwọn hóró wínníwínní inú irin tò, àwọn tí ojú lásán kò lè rí. Ó fi èyí tó rọ̀ há àárín èyí tó le. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé bí irin bá ti iná jáde, tó sì ti wọ omi, ó ń dá a padà sínú ooru pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó lè fara balẹ̀. Irin náà le, ó sì ń tẹ̀.

Nígbà tí Satpathy gbọ́, oorun dá lójú rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Nivedita.

"Ọmọ mi, Irin Satpathy la máa pè é."

"Sà, èmi ni mo ṣe é."

"Lábẹ́ òrùlé ta lo ti ṣe é?"

"Òrùlé ìjọba, Sà."

Èsì yẹn gún un lára. Bó bá ṣe irin náà bí Nivedita ṣe ṣe é, ti Nivedita náà ló máa jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ yí nǹkan kan padà kó tó lè búra pé tòun ni. Ó yẹ ètò náà wò látòkè délẹ̀, ó wá yọ ooru kejì kúrò. Nígbà tó wọn líle irin tó ṣe, ó le ju ti Nivedita lọ. Díẹ̀ ló kù kó bẹ́ sí ijó.

"Ó le lóòótọ́, Sà," ni Nivedita wí, "àmọ́ kò ní lè tẹ̀. Ooru kejì yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn hóró rírọ̀ dúró sáàárín."

"Ìlara ló ń ṣe ẹ́. Lọ bójú tó tíì àwọn àlejò."

Ìyáàfin Choden Bhutia ló ń bọ̀ láti Sikkim. Iléeṣẹ́ rẹ̀ ń kọ́ afárá sáàárín òkè níbi tí ilẹ̀ ti máa ń mì. Irin tó máa tẹ̀ láì kán ló ń wá, kí àwọn tó wà lórí afárá lè ráyè sá. Bó bá gbé ayédèrú lọ, àwọn èèyàn á bá afárá lọ sódò.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ tí wọ́n fẹ́ fi irin náà han àwọn àlejò, gbọ̀ngàn kún. Satpathy wé ṣọ́ọ̀lù sílíìkì, òdòdó yí ọrùn rẹ̀ ká débi pé imú àti awò ojú rẹ̀ nìkan là ń rí. Ó di gbohùngbohùn mú.

"Èmi nìkan ni mo ṣe irin yìí. Ẹnikẹ́ni ò bá mi fọwọ́ kàn án. Dókítà Toppo náà gbìyànjú o, ó ń po tíì fún wa."

Àwọn tó wà níwájú rẹ́rìn-ín. Nivedita, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo samósà, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rọ máa tẹ ọ̀pá yìí di S báyìí, ìyẹn lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi. Ìyáàfin Bhutia á gbé e kọ́ sórí afárá wọn."

Ẹ̀rọ ti ọ̀pá náà díẹ̀. Gbogbo ilé gbọ́ "páù", bí ìgbà téèyàn fọ́ pápádì, ìpápánu pẹlẹbẹ gbígbẹ yẹn, nídìí oúnjẹ. Ọ̀pá ti kán. Apá kan rẹ̀ fò lọ bọ́ sínú abọ́ ràsàgúlà, ìpápánu dídùn tí wọ́n rẹ sínú omi ṣúgà, omi náà sì ta sí Ọ̀jọ̀gbọ́n láti orí dé ẹsẹ̀.

Satpathy nu ojú rẹ̀, ó tún gbé gbohùngbohùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí n sọ òótọ́. Èmi kọ́ ni mo ṣe irin yìí. Dókítà Toppo ni. Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

"Ẹ tún un sọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Ìyáàfin Bhutia wí. "Ta ló ni Irin Satpathy?"

"Toppo ló ni ín. Ẹ yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀ pátápátá."

Ìyáàfin Bhutia yíjú sí Nivedita. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Nivedita dìde. "Èmi ni mo ni ín, mà. Àmọ́ èyí tó kán yìí, tiwọn ni. Àwọn ló yọ ooru kejì kúrò. Tèmi wà ní yàrá ìwádìí."

Ó lọ gbé e wá. Ẹ̀rọ tì í. Irin náà tẹ̀, ó tún tẹ̀, títí orí rẹ̀ fi kan ìdí rẹ̀, kò sì sán níbì kankan. Ìyáàfin Bhutia fi ọwọ́ pa á lára, ó béèrè ìgbà tí Nivedita lè wá sí Sikkim. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ibẹ̀ ni Satpathy ti rántí pé òun lòun ni irin. Ó na ọwọ́ sí gbohùngbohùn.

"Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń sọ bọ̀..."

"Ẹ ti sọ ọ́ tán, Sà," ni Nivedita wí, ó rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Gbogbo wa la gbọ́."

Ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn pé, "Irin ti tẹ̀. Ọ̀gá náà ti tẹ́."

Ẹ̀rín gba ilé kan. Kábíyèsí Ìléru gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná jáde, àwọn eṣinṣin sì sìn ín dé ìdí ọkọ̀.