Ìkòkò Tí Àṣírù Fẹ́ Fi Gba Ìyàwó

Ẹ ò tíì mọ Àṣírù amọ̀kòkò? Orí yín ló bá yín ṣe é. Wọ́n ní Ajégúnlẹ̀ ló ń gbé; irọ́ ni o, inú ẹnu ara rẹ̀ ló ń gbé. Tó bá mọ ife kan ṣoṣo báyìí, láti Olódì dé Ìjọ́ra Bàdíà la ó ti gbọ́.

Àlàájà, ìyá Tàwàkálítù, ọmọ tí Àṣírù fẹ́ fẹ́, ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ sú.

"Àṣírù, ẹnu ẹ ti pọ̀ jù," ni Àlàájà wí. "Lọ fi ọwọ́ ẹ ṣe nǹkan tí mo lè lò nínú ilé wá. Tí mo bá rí i lò, o ti fẹ́ ọmọ mi nìyẹn. Tí kò bá ṣeé lò, má padà wá."

"Kékeré nìyẹn, Mà! Ìkòkò tánńganran ọlọ́nà fífín ni màá gbé wá, bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń ṣe é láyé ọba wọn!"

Ó wá ku kó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó wá a lórí fóònù. Ó bi àwọn ará Ṣáínà ní wọ́ọ̀fù, èbúté ọkọ̀ òkun. Ọ̀kan ní bàtà lòun ń tà. Nígbẹ̀yìn ló bá Bàbá Patrick ní Liverpool Road, atukọ̀ àtijọ́ tó ti bá àwọn amọ̀kòkò Ṣáínà ṣiṣẹ́ rí.

Bàbá ṣàlàyé: amọ̀ funfun olómi ni wọ́n á kọ́kọ́ fi kun ìkòkò kí wọ́n tó fín ọnà sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n á po èérú igi mọ́ òkúta lílọ̀, wọ́n á fi bò ó, iná á wá sọ ọ́ di dídán bíi gíláàsì. "Ó wá ku ẹyọ kan..."

"Ó ti tó, Bàbá! Ó ti yé mi!" Àṣírù ti dìde.

"My pikin, wait o! Ẹyọ kan péré..."

"Bàbá, èmi kì í ṣe ọmọdé!" Ó ti ń gbé e sórí Wọ́sáàpù: ÀṢÍRÍ ỌBA ṢÁÍNÀ TI BỌ́ SỌ́WỌ́ ÀṢÍRÙ. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àfi ẹni tó gba ìdajì ìdáhùn tó wá ki eré mọ́lẹ̀.

Ká má purọ́ mọ́ ọn o, ìkòkò náà jáde nínú iléru, ó rẹwà! Ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, ẹyẹ àti òdòdó wà lára rẹ̀, ìdérí rẹ̀ sì jókòó dáadáa. Àṣírù ò ṣí i wò. Ó ní ohun ọba, iwájú àna ni wọ́n ti ń ṣí i.

Ọjọ́ pé, ẹbí kún pálọ̀ Àlàájà l'Ólódì. Àṣírù mú Bàbá Patrick dání ṣe àgbà. "Bàbá, ẹ ṣáà jókòó. Èmi ni màá sọ̀rọ̀."

"Máṣàállà!" Inú Àlàájà dùn. "Ẹ gbé èso dàbínù wá, kí n kó o sínú ẹ̀." Ó di ìdérí mú, ó fà á. Kò ṣí.

"Ẹ rọra, Mà. Iṣẹ́ ọba ni."

Ó rọra. Ọkọ rẹ̀ fà á. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń gbẹ́rù ní wọ́ọ̀fù fi orúnkún há ìkòkò mọ́lẹ̀, ó fà á títí ṣòkòtò rẹ̀ fi ya lẹ́yìn fàà. Ṣòkòtò ṣí, ìkòkò ò ṣí.

Òógùn bo Àṣírù. Ó yíjú sí Bàbá Patrick, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Bàbá... kí lẹ ní ó kù lọ́jọ́sí?"

"Ẹn-ẹ́n! I no tell you? Kó o tó gbé e wọ iná, kó o nu omi èérú yẹn kúrò lẹ́nu ìkòkò àti létí ìdérí. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, iná á lẹ̀ wọ́n pọ̀ títí láé."

Tàwàkálítù bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni o, kì í ṣe ẹkún.

Àlàájà gbé ìkòkò náà fún Àṣírù jẹ́jẹ́. "Ọmọ mi, ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ìkòkò àti ìdérí ló ti fẹ́ra wọn yìí. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọra wọn sílẹ̀, kó o padà wá fẹ́ tìẹ."