Ìdọ̀bálẹ̀ Kẹrin

Bí ẹ bá ń wá alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní Muhaisnah, ní Dubai níbí, ẹ má béèrè Gàníyù. Ẹ béèrè Àjànàkú Al Baraha, Agbórí-Àga-Pàṣẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé ló ní ní Al Baraha, àmọ́ ó ń rìn bí ẹni tó ni èbúté. Àkùkọ tó rò pé bí òun ò bá kọ, ilẹ̀ ò ní mọ́, kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Gàníyù.

Òun ló ra jẹ́sì fún ẹgbẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ṣòfin: bí a bá ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, gbogbo agbábọ́ọ̀lù, títí kan aṣọ́lé, á sáré wá sétí pápá, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú àga plásítíìkì rẹ̀. Á wá máa súre fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo ń ru omi wọn, mo fi aago wò ó: ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ó wọ́n.

Nínú líìgì, kò sí wàhálà. Sofiullahi ló ń fọn fèrè, inú bedspace Gàníyù, yàrá àjọgbé tó ń háyà fúnni, ló sì ń sùn. Á mú sùúrù títí àdúrà á fi parí. A borí gbogbo ẹni tá a bá pàdé. Ṣùgbọ́n tó bá ti di kòmẹsẹ̀-ó-yọ, a ó jákulẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní àwọn ará ilé ni. Wọ́n ní oòrùn ni. Ẹnì kan ní ṣàwámà ni.

Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ kọjá eré. Nígbà tí ọrọ̀-ajé Dubai dẹnu kọlẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí Tòhíbù, atamátàsé wa, ń bá kọ́lé kógbá wọlé. Vísà rẹ̀ ku ọjọ́ mọ́kànlá. Ọkùnrin kan tó ní ilé-iṣẹ́ sikiọ́rítì ní Sharjah sì ti ní ẹgbẹ́ tó bá borí nínú kòmẹsẹ̀-ó-yọ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, òun á gbà wọ́n síṣẹ́.

Àwọn ará Kerala, àwọn ọmọ Íńdíà tó ń gbé Karama, la bá pàdé. Wọn ò ga, wọn ò yára. Ọmọ Sudan kan ló ń fọn fèrè, kò sì gbé ilé Gàníyù.

Tòhíbù gbá àkọ́kọ́ sáwọ̀n. Ẹgbẹ́ wa lọ dọ̀bálẹ̀. Ọmọ Sudan wo aago, ó ní, "Yalla," ìyẹn ni pé ó yá, ó fọn fèrè. Àwọn ará Kerala rọra gbá bọ́ọ̀lù lọ sínú àwọ̀n tí kò lẹ́nì kankan níwájú. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ dúró so okùn bàtà rẹ̀ lọ́nà.

Ọ̀kan sí ọ̀kan. Méjì sí méjì. Bí a ti ń jẹ ẹ́ la ń bì í.

Nígbà ìsinmi, mo lọ bá Gàníyù. "Alága, ẹ jẹ́ kí ìdọ̀bálẹ̀ di ẹ̀yìn eré. Góòlù kọ̀ọ̀kan là ń fi san án."

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "góòlù á lọ, góòlù á bọ̀. Iyì mi ńkọ́?"

Ó di mẹ́ta sí mẹ́ta.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì, Tòhíbù gbá ìkẹrin wọlé. Àwọn yòókù ti ń yí sọ́dọ̀ àga. Ó na apá dí wọn lọ́nà.

"Khalas," ó ní. "Ó tán. Ẹ padà sẹ́yìn."

Wọ́n padà.

Gàníyù dìde, ó ká agbádá lé èjìká, ó wọ pápá. Ọmọ Sudan ń juwọ́ pé kó jáde, kò gbọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ Tòhíbù, ó na ìka sílẹ̀, ibi tó yẹ kí ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ sí. Agbádá já bọ́ léjìká. Ó gbẹ́sẹ̀, ó tẹ etí agbádá náà.

Ó lọ gbọọrọ. Àyà kan iyanrìn, iwájú orí kàn án, fìlà yí lọ sábẹ́ bàtà Tòhíbù. Mi ò tíì rí ìdọ̀bálẹ̀ tó pé tó bẹ́ẹ̀.

Káàdì pupa jáde lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀, ojúṣe mi sì ni. Mo lọ fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ó tó, àbúrò. Dìde. Wàá dàgbà."

Eré parí ní mẹ́rin sí mẹ́ta. Ọkùnrin Sharjah gba ìwé ìrìnnà Tòhíbù fún vísà tuntun kí òógùn tó gbẹ lára rẹ̀. Èmi ti wo aago mi: ìdọ̀bálẹ̀ kẹrin gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, òun nìkan ni kò sì ná wa ní góòlù.