Àmù Àwẹ̀ró àti Ìdí Jagunmólú

Ẹ gbọ́ ná. Nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ta ló lè sọ fún mi ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé, ẹni tí a bá lè mú là ń lèdí mọ́? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ sì lẹ ń pa á! Bí ọmọdé bá fẹ́ bá àgbà jà, ẹ ó pa á. Bí ewúrẹ́ bá fẹ́ kan màlúù, ẹ ó pa á. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú yín tó bi ara rẹ̀ léèrè rí pé, kí ló dé tó fi jẹ́ ìdí? Ọwọ́ la fi ń jà. Ẹsẹ̀ wà ńbẹ̀, eyín pàápàá wà ńbẹ̀. Kí ni ìdí wá ń ṣe níbi ìjà? Ó dáa, ẹ sún mọ́ mi. Rájí, má tíì rẹ́rìn-ín, mi ò tíì débi ẹ̀rín.

Obìnrin kan wà nílùú Ìlámọ̀ láyé àtijọ́, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Amọ̀kòkò ni. Obìnrin náà kéré! Bó bá dúró ti àmù omi tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ, ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè á rò pé àmù méjì ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù obìnrin yìí ń bà mí títí dòní, mi ò sì purọ́. Ṣé ẹ mọ bí àwọn obìnrin Ìlámọ̀ ṣe ń mọ ìkòkò ńlá? Wọn kì í jókòó. Amọ̀ ni yóò wà lójú kan, obìnrin ni yóò máa yí i po. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á wà lára amọ̀, ìdí rẹ̀ á yọ sẹ́yìn, á sì máa fi ẹ̀yìn rìn, yíká, yíká, láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi kàn tàrí. Ogójì ọdún ni Àwẹ̀ró fi rin ìrìn yẹn. Bí ẹ bá ro ìrìn náà pọ̀, obìnrin yìí ti fi ẹ̀yìn rìn dé ìlú òyìnbó, ó sì ti fi ẹ̀yìn rìn padà wálé.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ìbídùn. Wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó Ìbídùn, ó ku oṣù kan ààbọ̀. Nílùú Ìlámọ̀ nígbà náà, ọmọ amọ̀kòkò kì í wọ ilé ọkọ láìsí àmù tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Àmù náà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé, kí ìyàwó tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá sí àmù, tàbí bí àmù bá fọ́ lọ́nà, ìyàwó á padà sílé, ó di ọdún mìíràn. Ibì kan ṣoṣo ni amọ̀ irú àmù bẹ́ẹ̀ sì wà, nínú kòtò jíjìn kan lẹ́yìn ìlú. Amọ̀ ibòmíràn, bó bá ti rí iná, á là.

Ẹnu kòtò yẹn gan-an ni Jagunmólú lọ jókòó sí.

Jagunmólú yìí ga, ó sì fẹ̀. Bó bá fẹ́ wọ yàrá, ẹni tó wà nínú yàrá á kọ́kọ́ jáde kí àyè lè gbà á. Òun ni ọ̀gá nínú ìjàkadì, ìlú Ìlámọ̀ sì fẹ́ràn ìjàkadì ju oúnjẹ lọ. Ó ti fẹ́ fẹ́ Ìbídùn, Ìbídùn ní òun ò fẹ́. Ó dùn ún wọra. Ló bá gbé àpótí lọ sẹ́nu kòtò, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí kò bá lè dá òun nílẹ̀ kò ní fọwọ́ kan amọ̀. Wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọba. Ọba fọwọ́ nu irùngbọ̀n, ó ní ọ̀rọ̀ ìjàkadì ni, òun ò lè dá sí i.

Àwẹ̀ró gbé agbọ̀n rẹ̀ lọ bá a.

“Jagunmólú ọmọ mi, dákun, jẹ́ kí n wa amọ̀ ìgbéyàwó ọmọ mi.”

“Dá mi ná,” ni Jagunmólú wí. “Àbí o ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?”

Háà! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń bá ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀? Àfi bíi pé ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ló ń bá wí! Ó tún wá na ìka kan ṣoṣo, ó fi ti Àwẹ̀ró níwájú orí, obìnrin náà sì jókòó gbì sínú agbọ̀n ara rẹ̀.

Ó dìde, ó gbọn eruku nù, ó gba ilé Bàbá Láléyẹ lọ. Àgbà oníjàkadì ni Bàbá Láléyẹ. Eegun rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì ń jà.

“Bàbá, ẹ kọ́ mi níjà.”

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, kó tó wo ìsàlẹ̀. “Ìyá Ìbídùn! Ìjà wo lo fẹ́ kọ́?”

“Èyí tó bá bá irú mi mu ni, Bàbá.”

Gídígbò ni wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú. Bàbá di háríhá àgbàdo kún àpò ńlá kan, ó gbé e nàró, ó ní Jagunmólú nìyẹn, kó gbá a mọ́ra kó gbé e. Àwẹ̀ró gbá a mọ́ra. Ọwọ́ rẹ̀ ò dé ìdajì àpò. Ó fi gbogbo agbára fà á, àpò náà sì wá tìfẹ́tìfẹ́, ó dùbúlẹ̀ lé e lórí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni Ìbídùn rí tó fi fà á jáde.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ́ ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ Àwẹ̀ró le o, ẹni tó ń po amọ̀ lójoojúmọ́! Ṣùgbọ́n kò dé àgbọ̀n ẹnikẹ́ni. Ló bá gun orí odó, ó kan àpò náà lẹ́ṣẹ̀ẹ́, àpò wó. Inú rẹ̀ dùn, ó ń jó lórí odó.

Bàbá ní, “Ó dára púpọ̀. Ṣé wàá máa ru odó lọ síbi ìjà ni?”

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kọ́ ìpá. Àwẹ̀ró gbé ẹsẹ̀ kan sókè, èkejì náà tẹ̀ lé e, ni ó bá balẹ̀ sínú àgò adìẹ. Ìyẹ́ ni wọ́n ń ṣà lára rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Bàbá Láléyẹ mí kanlẹ̀. “Ìyá Ìbídùn, ẹyọ kan ló kù. Sísá ni.”

“Ṣé sísá náà wà nínú ìjà ni, Bàbá?”

“Òun ni ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn. Òun ló jẹ́ kí n dàgbà.”

“Bí mo bá sá, Bàbá, ta ni yóò bá mi wa amọ̀ ọmọ mi?”

Àwẹ̀ró lọ sílé pẹ̀lú omijé lójú.

Ní ọjọ́ kejì, ó kó ìwọ̀nba amọ̀ èṣí tó ṣẹ́kù nílé jọ, bí kò tilẹ̀ tó ìkòkò ọbẹ̀, ó ní òun ò lè ká ọwọ́ gbera. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń yí i po bó ṣe máa ń ṣe. Bàbá Láléyẹ yọ́ wọ àgbàlá láti wá bẹ̀ ẹ́, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ronú ohun tí òun máa sọ. Àwẹ̀ró ò rí i. Ìdí obìnrin náà yípo dé, ó bá Bàbá lórúnkún. Gbàmù! Bàbá fò kọjá ìkòkò mẹ́ta, ó balẹ̀ sínú eérú.

“Ta ló wà ńbẹ̀?” ni Àwẹ̀ró bèèrè.

“Èmi ni,” ni eérú dáhùn.

“Yéè! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá! Mi ò mọ̀ pé ẹ wà lẹ́yìn mi.”

“Fi ẹ pẹ̀lẹ́ sílẹ̀. Kí lo fi gbá mi?”

“Mi ò gbá yín o. Mo kàn ń rìn ni.”

Bàbá jókòó sínú eérú, ó ń wò ó bí ẹni tó rí iwin. Ó ṣí fìlà. Àgbà tó ti bá ìlú méje jìjàkadì, ó ṣí fìlà fún amọ̀kòkò! Ó ní, “Ìyá Ìbídùn, èmi ni mo ṣìnà. Ìjà àwọn ẹni gíga ni mo ń kọ́ ọ. Tìrẹ ti wà lára rẹ láti ogójì ọdún. Máa lọ síbi kòtò. Má wo ojú Jagunmólú o. Ṣáà máa ṣiṣẹ́ rẹ.”

Gbogbo obìnrin ìlú ló tẹ̀ lé e. Jagunmólú rí wọn, ó bú sẹ́rìn-ín, ó dìde, ó la apá méjèèjì. Àwẹ̀ró ò tilẹ̀ kí i. Ó dúró létí kòtò, ó wo orúnkún rẹ̀ dáadáa, ó kọ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Kí lò ń ṣe yìí?” ni Jagunmólú bèèrè.

“Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe.”

Jagunmólú fẹ́ gbá a mú. Kò rí ibi tí yóò gbá mú! Orí ò sí lókè, ọrùn ò sí lókè, gbogbo obìnrin náà wà nísàlẹ̀ orúnkún rẹ̀. Bó ṣe ń wá ibi tí yóò dì mú ni ìdí bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tó ń yí àmù po. Gbàmù! Orúnkún méjèèjì yẹ̀. Ọmọkùnrin náà dojú bolẹ̀ gba orí Àwẹ̀ró kọjá, ó bọ́ sínú kòtò, amọ̀ sì gbé e mì dé ọrùn.

Ẹnu gbogbo wọn là sílẹ̀. Èmi tí wọ́n sọ ọ́ fún, ara mi bù máṣọ. Àwẹ̀ró nìkan ni nǹkan kan ò ṣe. Ó sọ̀kalẹ̀ wọ kòtò pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀, ó ń wa amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Jagunmólú.

“Ọmọ mi, gbé orí sápá kan díẹ̀,” ni ó wí. “Ibẹ̀ yẹn lamọ̀ ti dára jù.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí wọ́n bá nà, ó yẹ kó kọ́gbọ́n. Jagunmólú kọ́ ọ, ṣùgbọ́n òdì ló kọ́. Ó ní àṣé ìdí ni gbogbo agbára wà! Ó ní tòun sì tó mẹ́wàá ti Àwẹ̀ró. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí lèdí mọ́ gbogbo nǹkan. Ó lèdí mọ́ òbúkọ kan, òbúkọ lọ bá ara rẹ̀ lóko olóko. Ó lèdí mọ́ ògiri Bàbá Láléyẹ, ògiri wó. Ó lèdí mọ́ igi ìbẹ́pẹ, ìbẹ́pẹ mẹ́rin ló fọ́ lé e lórí, síbẹ̀ ó ń fò fáyọ̀.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Àmù ti jáde nínú iná, ó pupa, ó ń dán. Bí èèyàn bá ta á níka, á dún gbọ́ọ̀n. Wọ́n dà á dùbúlẹ̀ lórí koríko láti fi okùn dè é. Ìgbà yẹn ni Jagunmólú dé.

“Àwẹ̀ró! Ìdí lo fi dá mi, ìdí ni mà á fi fọ́ àmù rẹ. Ìbídùn ò lọ ibì kankan lónìí!”

Ìbídùn lọgun. Àwẹ̀ró fò síwájú, kò bá a. Jagunmólú ti kọ̀yìn, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ń fi ẹ̀yìn sáré bọ̀ tagbáratagbára. Gbogbo ayé dijú, wọ́n ń dúró de ìró àmù tó fọ́.

Fọ̀ọ̀ ni wọ́n gbọ́.

Wọ́n lajú. Jagunmólú dìde lórí ìbẹ̀rẹ̀, àmù sì bá a dìde. Ìdí rẹ̀ ti wọ ẹnu àmù lọ, ó há síbẹ̀ gádígádí. Ọkùnrin mẹ́fà fà á lápá, Bàbá Láléyẹ di àmù mú, kò gbọ̀n. Ni ẹnìkan bá gbé ọmọ odó dé.

“Ẹni tó bá fọ́ àmù yẹn ni yóò bọ́ ọmọ mi di ọdún tó ń bọ̀!” ni Àwẹ̀ró pariwo.

Jagunmólú náà rí ọmọ odó. “Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbá a, èmi ni mo wà nínú ẹ̀!”

Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀wọ̀ ti dé. Àwẹ̀ró wò ó, ó wo oòrùn, ó ní ilẹ̀ ń ṣú lọ, àmù gbọ́dọ̀ dé ilé ọkọ. “Ọmọ mi, ó yá, máa bọ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni Jagunmólú ṣe gbé àmù ìgbéyàwó Ìbídùn rin gbogbo ọ̀nà, lórí ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àmù lẹ́yìn bí ìgbín. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ìyá ọkọ rán wọn létí pé àmù ló ń kọ́kọ́ wọlé. Ó di dandan kí Jagunmólú yí padà, kó fi ẹ̀yìn wọlé ẹni tó gba ìyàwó mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n da àdí sí i, wọ́n fi ọṣẹ sí i, wọ́n fà á. Pọ́! Àmù ò là níbì kankan. Wọ́n fọ̀ ọ́ nígbà méje, wọ́n pọnmi sí i, Ìbídùn sì kúnlẹ̀, ó bu omi àkọ́kọ́ fún ẹni tó gbé àmù wá, bí àṣà wọn. Jagunmólú gba igbá, ó bú sẹ́kún.

“Ìyá mi,” ni ó wí, “ìdí náà ni ẹ fi jà, ìdí náà ni mo fi jà. Tèmi tiẹ̀ tóbi jù. Kí ló dé tí tèmi ò ṣiṣẹ́?”

Àwẹ̀ró gbójú sókè, nítorí bí ọkùnrin náà ti jókòó, ó ṣì ga jù ú lọ.

“Ọmọ mi, èmi wò ọ́ dáadáa kí n tó kọ̀yìn sí ọ. Mo rí i pé mo lè mú ọ. Ìwọ ò wo àmù mi. Ẹni tí a bá lè mú là ń lèdí mọ́.”

Rájí, o lè rẹ́rìn-ín wàyí.