Límíìtì Fa Ìlà Sórí Tábìlì Bàbá Wọn

Lánàá, ẹjọ́ tábìlì gbé ọmọ ìyá méjì dé ààfin. Aránṣọ ni àwọn méjèèjì, ṣọ́ọ̀bù kan ni wọ́n jọ ń lò, orí tábìlì kan tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gé aṣọ. Ẹ̀gbọ́n ni àdúgbò ń pè ní Límíìtì, nítorí pé láti ìgbà tó ti ra ìwé òwe òyìnbó kan, ọ̀rọ̀ ààlà nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló pè é lẹ́jọ́. Orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí ààyè òun bá tún dín kù, ilẹ̀ ni òun yóò máa kúnlẹ̀ gé aṣọ.

"Kábíyèsí, ẹ̀gbọ́n mi fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sáàárín tábìlì. Mi ò jà. Àmọ́ aṣọ máa ń nu ṣọ́ọ̀kì kúrò. Àràárọ̀ ni wọ́n ń tún un fà, àràárọ̀ náà ló ń sún mọ́ mi."

Ọba kọjú sí Límíìtì. "Kí lo rí sọ?"

"Kábíyèsí, òyìnbó ní tí èèyàn bá fún ẹlòmíì ní íǹṣì kan, máìlì kan ni yóò gbà. Mo ń dáàbò bo ara mi ni."

"Ṣé tábìlì náà gùn tó máìlì kan?"

"Rárá o. Ọgọ́ta íǹṣì ni."

"Níbo ló ti fẹ́ rí máìlì gbà?"

"Ìyẹn ni mi ò fẹ́ dúró wò, Kábíyèsí."

Àbúrò tún sọ̀rọ̀. "Tí aṣọ tiwọn bá kọjá sọ́dọ̀ mi, wọ́n á ní òyìnbó sọ pé ojú ọ̀run ni límíìtì."

"Tìẹ ńkọ́?"

"Ìlà ṣọ́ọ̀kì ni tèmi."

Wọ́n pe alágbàfọ̀ tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù wọn láti wá jẹ́rìí.

"Ìlà náà ò kúrò lójú kan rí," ó wí. "Àní mo gbé aṣọ kan sí ọ̀dọ̀ àbúrò lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ló wà, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án."

"Aṣọ náà ló rìn?"

"Àfi bẹ́ẹ̀, Kábíyèsí."

Obìnrin kan tó ń ta bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wọn dìde. "Irọ́ ni. Ìlà yẹn ń rìn ju ọkọ mi lọ."

Alágbàfọ̀ yìí gan-an sì ni ọkọ rẹ̀.

Ọba ní kí wọ́n mú téèpù tí Límíìtì fi ń wọn tábìlì wá. Ó wò ó, ó tún un wò. Orí nọ́ńbà mọ́kànlá ni téèpù náà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ibo ni ení dé ẹ̀wá wà?"

"Eku ni, Kábíyèsí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ẹ́."

"Òun lo sì fi ń wọn ọgbọ̀n íǹṣì fún àbúrò rẹ?"

"Èmi ò ṣẹ̀. Eku ló kọjá límíìtì."

Ìjòyè kan, tí kò lè jókòó láti àárọ̀ nítorí ṣòkòtò tí Límíìtì rán fún un, ní, "Abájọ."

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé," Ọba wí. "Ọgbọ̀n íǹṣì fún ẹ̀gbọ́n, ọgbọ̀n fún àbúrò. Ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, ọ̀rọ̀ òyìnbó kọ̀ọ̀kan tó bá jáde lẹ́nu Límíìtì, íǹṣì kan ti kúrò nínú tirẹ̀ nìyẹn, ó di ti àbúrò."

"Kábíyèsí, dísì ìsì tuù mọ́ọ̀ṣì."

"Mẹ́rin ti lọ."

"Sọ́rì, sà."

"Mẹ́fà."

Límíìtì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Àwọn méjèèjì jọ gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Inú àbúrò dùn débi pé kò rántí orúnkún mọ́. Ó mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa. Kò sí ohun tó ń wù ú tó kó máa kọ́ èèyàn ní òyìnbó.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ dákun, kí ni òyìnbó ń pe abẹ́rẹ́?"

Límíìtì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rìn díẹ̀ sí i.

"Nídù," ó wí.

"Òwú ńkọ́?"

Nígbà tí wọ́n fi máa dé ṣọ́ọ̀bù, ibi tí sísọ́ọ̀sì lè dùbúlẹ̀ sí ló kù fún Límíìtì.