Ọkọ̀ Tí Mo Fi Ìkórè Mẹ́ta Tò Pọ̀

Bí orí mi bá gbàgbé gbogbo nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀ sí mi láyé, ọjọ́ tí mo lọ gbé ìyá mi ní Sokodé kò ní kúrò níbẹ̀. Kódà bí mo bá fẹ́ gbàgbé, àwọn ará ìlú wa, Kambolé, kò ní gbà fún mi. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí, ẹnìkan á kàn rọra fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ méjì, àwọn tó kù á sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kí ni n bá tún ṣe?

Iṣẹ́ ajórin-mọ́rin ni mò ń ṣe. Ilẹ̀kùn irin, fèrèsé, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìlọgbàdo, ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó iṣu, kò sí èyí tí mi ò lè jó pọ̀, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bi mí àti ẹni tí kò bi mí. Lọ́jọ́ kan ni mo rí i lórí fóònù pé àwọn òyìnbó kan máa ń ra ọkọ̀ nínú àpótí, ní wẹ́wẹ́, wọ́n á sì tò ó pọ̀ fúnra wọn nílé. Mo wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní, èyí náà ni? Àwọn yẹn ò jó irin rí, ìwé ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń ṣe é. Èmi tí mo ń jó irin láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe?

Àpótí ò sí ní tèmi, owó àpótí ò sì sí. Oko iṣu ni mo ní. Mo bá pinnu pé ìkórè kọ̀ọ̀kan ni yóò máa ra apá kọ̀ọ̀kan. Ìkórè àkọ́kọ́ ra irin tí mo fi jó egungun ọkọ̀, ìyẹn ṣáásì. Abẹ́ igi máńgòrò wa ló wà fún odidi ọdún kan, ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀, adìyẹ ìyàwó mi sì yé ẹyin mọ́kànlá sí ibi tí mo fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì lé. Mo ní láti dúró kó pa á tán. Ìkórè kejì ra ẹ́ńjìnnì àti jíà láti ara taksí kan tó ti kú ní Sokodé. Ìkórè kẹta ra dírọ́ọ̀mù epo tí mo là tí mo fi ṣe ara ọkọ̀. Iwájú gba èèyàn méjì. Ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu, mo gbé àga onígi gbọọrọ kan síbẹ̀, mo fi tapólì bo òkè rẹ̀. Dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn, mo fi ìyẹn sílẹ̀ de ìkórè kẹrin.

Ìkórè kẹta yẹn náà ló ra pọ́ǹ, irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tó ń gba agbára ẹ́ńjìnnì fi yí wọn. Ọ̀dọ̀ Baba Sàlífù ní Kouloundè, ní ìlú Sokodé, ni mo ti rà á. Ọmọ ẹ̀yà Kótókólì ni bàbá náà, àgbà mẹkaníìkì ni, ó sì ti gbọ́ Yorùbá tó lẹ́nu àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó wo fọ́tò ṣáásì mi lórí fóònù, ó ní,

"Ọmọ mi, má dà á dé o. Pọ́ǹ ní orí, ó sì ní ìdí. Bí o bá dà á dé, yóò máa jẹ́ iṣẹ́ tí o ò rán an."

Mo ní, "Bàbá, mo ti gbọ́."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rí i pé bí mo bá dà á dé, ọkọ̀ á ga sókè dáadáa, kò ní máa fi ikùn họ ilẹ̀ lójú ọ̀nà oko Koussountou. Mo dà á dé. Àwọn mẹkaníìkì máa ń fi bọ́ọ̀tù dè é ni. Èmi ò fọkàn tán bọ́ọ̀tù, mo jó o mọ́ ṣáásì gbọnin. Mo sún sẹ́yìn, mo wò ó, mo yin ara mi.

Ọdún yẹn náà ni ìyá mi lọ sí Mẹ́kà. Ó ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá wa ti wà láyé. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹni tó lọ Mẹ́kà bá ń bọ̀, ẹbí kì í jẹ́ kó dá wọlé. Wọ́n á lọ pàdé rẹ̀ ni, alùpùpù á tò rẹrẹẹrẹ, á jókòó nínú ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, gbogbo ìlú á sì jáde wá wò ó. Irú ọkọ̀ tó gbé e wọlé, wọ́n á máa sọ ọ́ títí ọdún á fi yí po. Ẹ̀gbọ́n mi Bùràímọ̀ ní ká háyà taksí tó dáa láti Sokodé. Mo dìde láàárín ìpàdé ẹbí.

"Taksí kẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Ọmọ rẹ̀ ní ọkọ̀, ẹ wá fẹ́ gbé e sínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀?"

"Ọkọ̀ tí kò tíì kúrò lábẹ́ máńgòrò?"

"Yóò kúrò."

Èyí tó burú jù ni pé mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo sọ fún òun náà. Ìyá mi kì í ṣe alásọjù, àmọ́ ó sọ fún gbogbo obìnrin tí wọ́n jọ wà nínú yàrá ní Mẹ́kà pé ọmọ òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ náà ló sì máa gbé òun wọ̀lú. Láti ìgbà yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi nìkan mọ́. Bí ọkọ̀ yẹn bá já mi kulẹ̀, ìyá mi lojú máa tì.

Ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ tí a ó lọ gbé e ní Sokodé ni táyà méjì tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ lé búlọ́ọ̀kù, mo ṣáná sí i, mo fi í sí jíà kìíní. Táyà ẹ̀yìn ń yí fìrìfìrì. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ṣé ẹ rí i?" Wọ́n ní àwọn rí i. Gbogbo wa la rí i pé ó ń yí. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wa tó wo apá ibi tó ń yí sí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí Lèmọ́mù ti ṣàdúà, alùpùpù mẹ́rìnlá tò sẹ́yìn mi. Mo wọ agbádá. Mo gbọ́wọ́ sókè kí gbogbo wọn, mo fi í sí jíà kìíní, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ fò sẹ́yìn. Alùpùpù mẹ́ta ló kọ́kọ́ ṣubú, àwọn tó gùn wọ́n ti fò sílẹ̀. Kí ẹsẹ̀ mi tó rí bíréèkì, ìdí ọkọ̀ ti wọ ilé ìdáná ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ìkòkò ẹ̀kọ mímu ti dànù. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni kankan níbẹ̀. Mo ní jíà ni mo ṣì. Mo fi í sí ìkejì, ó tún ti ìdí bọ ara ògiri. Mo wá fi í sí jíà tí wọ́n fi ń padà sẹ́yìn. Ó rọra jáde wá síwájú, jẹ́jẹ́, bí àgùntàn tó ti jẹun yó.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Baba Sàlífù ti yé mi. Pọ́ǹ tí mo dà dé ti yí gbogbo nǹkan padà. Jíà mẹ́rin tó yẹ kó máa lọ síwájú ń lọ sẹ́yìn, ẹyọ kan ṣoṣo tó yẹ kó lọ sẹ́yìn ló ń lọ síwájú. Ká ní bọ́ọ̀tù ni mo fi dè é ni, kò ní pẹ́ tí a ó fi tú u, tí a ó yí i. Jíjó ni mo jó o, iṣẹ́ ọwọ́ mi sì dára, kò ní kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Bùràímọ̀ gbọn ẹ̀kọ kúrò lára ìdí ọkọ̀. Ó ní, "Jẹ́ ká pe taksí."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ń lọ síwájú àbí kò lọ?"

"Ó ń lọ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù."

"Ó ń lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

A gbéra. Jíà yẹn ò mọ̀ ju ariwo lọ. Bàbá àgbàlagbà kan tó gun kẹ̀kẹ́ bá wa lẹ́yìn, ó kọjá wa, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o," ó sì lọ. Kí á tó dé Tchamba, ẹ́ńjìnnì ti hó, èéfín ń jáde. A bu omi sí i, a jókòó dè é. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ọkọ̀ tó ní jíà mẹ́rin tó dára, kí ló dé tí mo ń fi èyí tí kò dára jù lọ rìnrìn àjò? Mo yí ọkọ̀ náà po, mo kọ ìdí rẹ̀ sí Tchamba, mo yí ọrùn mi sẹ́yìn, mo fi í sí jíà kejì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ̀ náà sáré. N kò ní parọ́, inú mi dùn.

Ní àbáwọ Tchamba, ọlọ́pàá kan dá mi dúró. Ó fi Faransé bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní Sokodé. Ó wo iwájú ọkọ̀ tó kọjú sí Kambolé, ó wo ojú mi, ó ní, "Monsieur, Sokodé lẹ ti ń bọ̀." Mo ní rárá, ibẹ̀ ni mò ń lọ. Ó ní kí n ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé tán, ó pe ọ̀gá rẹ̀ wá, ó ní kí n tún un sọ. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ pé ìyá mi tó ti Mẹ́kà dé ni mo fẹ́ lọ gbé, ó dìde, ó ní kí n rọra wà á, kí n sì bá òun kí Àlájà.

Nígbà tí a fi máa dé Komah, àdúgbò tí àbúrò ìyá mi ń gbé ní Sokodé, níbi tí ìyá mi àti àwọn tí wọ́n jọ ti Mẹ́kà dé ti ń dúró de ẹbí wọn, ọrùn mi ti gan. Mo fẹ́ kọ ojú síwájú, ó lọ. Mo fẹ́ tún yí i padà sẹ́yìn, ó kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ìdí ọkọ̀ wọ àdúgbò tó kún fún aṣọ funfun àti àwọn ọkọ̀ dídán tí àwọn ọmọ ẹlòmíì fi wá gbé ìyá wọn. Obìnrin kan wá rọra béèrè pé, "Àlájà, ṣé ọkọ̀ tí ẹ wí nìyẹn?"

Ojú tì mí débi pé mi ò lè bọ́ sílẹ̀. Àbúrò ìyá mi ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tirẹ̀ dání. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọ tèmi."

Mo ní, "Ìyá, ẹ wọ tiwọn. Ẹ má bínú. Mo dójú tì yín."

Ìyá mi súnmọ́ ọkọ̀ náà. Ó rìn yí ọkọ̀ náà ká. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ tọ ojú ibi tí mo ti jó o.

"Ṣé ó ní bíréèkì?"

"Ó ní, Ìyá. Bíréèkì rẹ̀ dára."

"Kí ló wá dé tó ń fẹ̀yìn rìn?"

Mo sọ fún un. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún ọ?"

"Bàbá kan kìlọ̀ fún mi."

"O ò gbọ́."

"Mi ò gbọ́, Ìyá."

Ó mi orí. Ó ní kí Bùràímọ̀ yí àga onígi yẹn padà, kó kọ ojú rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ wọ èyí ni?"

Ìyá mi ní, "Mo ti sọ fún àwọn èèyàn pé ọkọ̀ ọmọ mi ló máa gbé mi wọ̀lú. Ilẹ̀ mímọ́ ni mo ti sọ ọ́. Ṣé kí n lọ parọ́ ní Mẹ́kà ni?"

Ó gòkè, ó jókòó, ó mú tẹ̀súbáà rẹ̀ dání.

Bí a ṣe padà nìyẹn. Èmi kọjú sí Sokodé pẹ̀lú ọrùn tó gan, ìyá mi kọjú sí ilé, òun ló sì ń rí ọ̀nà. Láti Sokodé dé Tchamba, ọ̀nà gún, kò ju kó sọ pé "máa bọ̀" tàbí "rọra". Lẹ́yìn Tchamba, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ó ní, "Yà sọ́tùn-ún." Mo yà sọ́tùn-ún tèmi. A kọ ẹ̀yìn sí ara wa, ọ̀tún rẹ̀, òsì mi ni. Inú oko àgbàdo olóko ni a bá ara wa. Bùràímọ̀ àti àwọn alálùpùpù tì wá jáde. Ìyá mi kó ewé àgbàdo kúrò lórí ìborùn rẹ̀, ó ní, "Kò sí ọ̀tún mọ́, kò sí òsì mọ́. Kíbúlà lo máa gbọ́." Ibi tí à ń kọjú sí kírun ò ṣeé ṣì mọ̀. "Fà á sí Kíbúlà. Ó tó. Kúrò ní Kíbúlà díẹ̀, ewúrẹ́ ń bọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni Àlájà ṣe wa ọkọ̀ dé Kambolé láìfọwọ́ kan nǹkan kan.

Mo gbọ́ ariwo ìlú lẹ́yìn mi kí á tó dúró. Mo gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ ìyá mi kan, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Àlájà, ẹ̀yìn lẹ fi wọlé?"

Ìyá mi ní, "Ọkọ̀ ló fẹ̀yìn wọlé, kì í ṣe èmi. Àwọn Àlájà tó kù, ìpàkọ́ awakọ̀ ni wọ́n ń wò títí wọ́n fi délé. Èmi, ẹ̀yin ni mò ń wò láti òkèèrè."

Gbogbo ìlú kígbe Àlááhù Àkúbárù. Mo gbọ́ pé wọ́n ń sunkún, mo gbọ́ pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ pé ìyá mi bọ́ sílẹ̀. Mi ò rí i. Ojú mi wà lọ́nà Tchamba, ọrùn mi kò yí. Èmi tí mo fi ìkórè mẹ́ta ṣe ọkọ̀ nítorí kí n lè gbé e wọlé, èmi nìkan ni mi ò rí ìyá mi nígbà tó wọlé. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń sunkún.

Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gé pọ́ǹ yẹn kúrò. Mo gbé àgbébọ̀ adìyẹ lọ fún Baba Sàlífù, ó gbà á, ó ń rẹ́rìn-ín sínú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọkọ̀ náà ti ń lọ síwájú báyìí, dáadáa ló sì ń lọ. Mo ṣì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kò sí ohun tí mi ò lè jó pọ̀, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ láti kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀tù dè é, kí n fi í rìn nílẹ̀, kí n sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é rí, kí iná tó kàn án. Nígbà míì, mo máa ń ní kí Bùràímọ̀ sọ fún mi bí ojú ìyá wa ṣe rí nígbà tó ń wọ ìlú bọ̀. Ó máa ń sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kó tó bẹ̀rẹ̀, èmi náà á sì bá a rẹ́rìn-ín, torí kò sí bí n kò ṣe ní dúró gbọ́ ìyókù.